Kí ni «ti ọrùn rẹ̀ là á wò» wá ṣe nínú kóòdù NFS?

Ẹnìkan béèrè pé: «Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ ń ṣàlàyé kóòdù sáfà NFS fún wa. Nígbà tó dé ibi tí sáfà ti ń gba ACL, ó ní "ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á wò", ló bá kọjá lọ. Kí ni òwe yìí túmọ̀ sí, báwo ló sì ṣe kan ọ̀rọ̀ mẹ́mọ́rì?»

Ọ̀gá yín mọ òwe í pa, ó kàn yára jù ni.

Ẹ jẹ́ ká mú òwe náà lákọ̀ọ́kọ́. Ẹnìkan ṣèlérí aṣọ fún yín. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ẹ wo èyí tó wà lọ́rùn òun alára: bó bá ti gbó, tó ti ya, níbo ló ti máa rí tiyín? Àwọn kan máa ń fi òwe yìí ṣáátá tálákà, èmi ò sì fara mọ́ ọn. Ohun tó ń sọ ni pé ká fi ohun tí ojú rí díwọ̀n ohun tí ẹnu ṣèlérí.

Ó wá ku NFS, ètò tí Sun Microsystems gbé jáde ní 1984, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan lo fáìlì tó wà lórí òmíràn bíi pé tirẹ̀ ni. Èyí tí fáìlì wà lórí rẹ̀ ni sáfà, èyí tó ń béèrè ni client. ACL ni àkójọ àwọn tó láṣẹ lórí fáìlì: ta ló lè kà á, ta ló lè kọ nǹkan sí i, ta ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Nínú NFS ẹ̀dà kẹrin, ìlà kọ̀ọ̀kan ní irú rẹ̀, bóyá ìyọ̀ǹda ni àbí ìdènà, ó ní àmì, ó ní àṣẹ, ó sì ní orúkọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Orúkọ yìí ni kò ní ìwọ̀n kan pàtó. Ó lè jẹ́ OWNER@ péré, ó lè gùn bí ìlà odidi.

Bí client bá fẹ́ gbé ACL lé fáìlì lórí, iye ìlà tó ń kó bọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń kọ sínú ìbéèrè rẹ̀, kí àwọn ìlà fúnra wọn tó tẹ̀lé e. Iye yẹn ni ìlérí aṣọ. Sáfà nílò rẹ̀, torí ó ní láti wá àyè fún àwọn ìlà náà nínú mẹ́mọ́rì kó tó kà wọ́n. Báìtì 4 ni wọ́n fi ń kọ ọ́, nítorí náà ó lè tó 4,294,967,295. Oníjìbìtì lè kọ bílíọ̀nù kan sínú ìbéèrè tí kò ju báìtì 200 lọ. Bí sáfà bá gbà á gbọ́, ọ̀pọ̀ gígábáìtì ló máa lọ wá fún ìlà tí kò sí níbì kankan. Lórí ẹ̀rọ tó ń fi bíìtì 32 ṣírò, ó tún lè burú jùyẹn: tí a bá sọ iye ìlà di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ìlà kan, èsì lè kún àkúnya kó sì padà di nọ́ńbà kékeré. Àyè bíńtín ni sáfà á gbà, á wá máa kọ nǹkan kọjá rẹ̀ sórí mẹ́mọ́rì tí ètò míràn ń lò.

Sáfà tó wà nínú kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, máa ń wo ọrùn. Á wo báìtì tó kù nínú ìbéèrè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, á fi 20 pín in. Kí ló dé tó fi jẹ́ 20? Báìtì 4 fún irú, 4 fún àmì, 4 fún àṣẹ, 4 fún gígùn orúkọ, 4 fún orúkọ tó kúrú jù lọ, torí wọ́n máa ń fi òdo dí orúkọ títí á fi pé ìlọ́po 4. Bó bá jẹ́ báìtì 200 ló kù, ìlà 10 ni gbogbo ohun tó lè wà níbẹ̀. Bí client bá ní 11 lòun kó wá, sáfà á dá a padà pẹ̀lú àṣìṣe NFS4ERR_FBIG, ìyẹn «ó ti tóbi jù», kò sì tíì tọrọ báìtì kan fún ACL yẹn. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ìpín ni wọ́n lò dípò ìsọdipúpọ̀: nọ́ńbà tí a pín kì í kún àkúnya. Client tó ń sọ òótọ́ ò tilẹ̀ ní mọ̀ pé ẹnìkan yẹ òun wò.

Àfikún ACL tí Linux ń lò fún NFS ẹ̀dà kẹta tún ní òpin kan pàtó: ìlà 1024.

Bó bá wá jẹ́ pé ètò kan fẹ́ ka ACL lórí Linux ni, kò lè mọ bó ṣe gùn tó ṣáájú. Ó lè kọ́kọ́ béèrè ìwọ̀n rẹ̀ nìkan, kó wá àyè tó tó o, kó sì padà wá gbà á. Bí ẹlòmíràn bá ti fi ìlà kún un láàárín kan náà, tí àyè ò tó mọ́, àṣìṣe ERANGE ni kernel máa dá padà, ètò náà á sì tún béèrè ìwọ̀n lákọ̀tun.