Lẹ́tà láti ogun Bọ́mà: ṣé ibì kan náà ni wọ́n wà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa àgbà àti àbúrò wọn kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án sílé nígbà ogun Hítílà, 1944 sí 1945. Kò sí orúkọ ìlú kankan nínú wọn, ìlà méjì ti di dúdú, ìkọ̀wé àwọn méjèèjì sì jọra. Ṣé wọ́n jọ wà ni? A tún fẹ́ ṣe laminéètì wọn.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe laminéètì wọn. Iná ẹ̀rọ náà á lẹ ike mọ́ ìwé, kò sì ní ṣeé bó mọ́. Sẹ́lótéèpù náà ò dáa: gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń pọ́n, á sì wọ inú ìwé lọ.

Òfin ogun ló fà á tí ẹ ò fi rí orúkọ ìlú. Ọ̀gá ológun gbọ́dọ̀ ka lẹ́tà kó tó kúrò ní àgọ́. Ohun tí ọ̀tá lè lò, yíǹkì ni wọ́n fi ń pa á tàbí kí wọ́n gé e kúrò. Orúkọ tí wọ́n bá fọwọ́ sí nísàlẹ̀ àpòòwé lápá òsì, ti ọ̀gá yẹn ni, kì í ṣe ti bàbá yín.

Àpòòwé ló máa sọ̀rọ̀. Òǹtẹ̀ róbótó tó ní FPO, ìyẹn ilé ìfìwéránṣẹ́ ojú ogun, ní nọ́ńbà àti déètì. Ilé ìfìwéránṣẹ́ náà ń bá ọmọ ogun ṣí kiri, torí náà ẹ ka méjèèjì pọ̀. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NA/ jẹ́ ti ọmọ ogun Nàìjíríà fúnra rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, òun ni wọ́n máa fi wá ìwé iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá fi déètì lẹ́tà wé ibi tí dífísọ̀n méjì tí wọ́n kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá, ti jà. Dífísọ̀n 81 jà ní àfonífojì Kaladan ní Arakan, níhà ìwọ̀-oòrùn Bọ́mà, láti ìbẹ̀rẹ̀ 1944, ṣùgbọ́n bìrìgéèdì 3 rẹ̀, tó jẹ́ ti ọmọ Nàìjíríà, wà pẹ̀lú àwọn Chindits, ọmọ ogun tó ń jà lẹ́yìn ọ̀tá, níhà àríwá Bọ́mà. Ìparí 1944 ni dífísọ̀n 82 wọ Arakan, tí Arakan Barracks ní Àpápá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Dífísọ̀n méjèèjì pàdé ní Myohaung, ìlú kan ní Arakan, ní January 1945, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wo lẹ́tà oṣù yẹn.

Ní ti ìkọ̀wé, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ni ẹlòmíì ń bá kọ lẹ́tà. Ẹ fi ìrù "g" wéra, ẹ wo àmì abẹ́ "ọ" àti bí wọ́n ṣe kọ déètì. Bí ìkíni bá tún bára mu lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ akọ̀wé kan ló kọ méjèèjì, kí wọ́n sì ti wà nítòsí ara wọn. Bí ìkíni bá yàtọ̀, ó lè jẹ́ pé tíṣà kan ló kọ́ wọn.

Ẹ yọ pín-ìnnì tó ti dógùn-ún. Ẹ ya fọ́tò lẹ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́; ohun tí pẹ́ńsù tẹ̀ sínú ìwé á hàn. Ìwé funfun ni kẹ́ ẹ fi wé wọn, kì í ṣe nylon tó ń láàgùn, kẹ́ ẹ sì gbé agolo tí ẹ kó wọn sí kúrò nílẹ̀ nítorí ikán. Lẹ́tà àti àpòòwé rẹ̀ ò gbọdọ̀ ya ara wọn.