Orúnkún ń ro mí: ṣé kí n máa rin ọ̀nà etí odò?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ọmọ ọdún 61, Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni mò ń gbé. Orúnkún ọ̀tún ti ń ro mí láti bí ọdún méjì. Wọ́n yà á ní fọ́tò ní ọsibítù, wọ́n ní eegun rẹ̀ ti ń jẹ, kí n máa rìn dáadáa. Ojú títì kò ṣeé rìn mọ́ nítorí ọ̀kadà àti márúwá. Ọ̀nà kan wà lẹ́yìn àdúgbò wa tó bá etí odò lọ lábẹ́ igi, ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àmọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní bí táyà ni orúnkún, pé bí mo bá ṣe ń rìn tó ni yóò ṣe máa jẹ tó. Ṣé kí n máa rin ọ̀nà yẹn? Mo fẹ́ bá rẹgbẹ́rẹgbẹ́ mi jáde ní Ojúde Ọba tó ń bọ̀, n kò sì fẹ́ jẹ́ ẹni tí wọ́n ń wá àga fún.
Ìyá Ìbejì

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ara líle, mà. Iṣẹ́ físíò ni mò ń ṣe, bí èèyàn ṣe ń rìn ni mò ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ máa rin ọ̀nà yẹn. Bí ẹ ó ṣe máa rìn ín ló kù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọ̀rẹ́ yín lóhùn. Táyà kì í jẹun, orúnkún ń jẹun. Eegun rírọ̀ kan ló bo orí eegun ní oríkèé, òun ni kì í jẹ́ kí eegun méjì máa họ ara wọn. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ nínú rárá. Omi inú oríkèé ló ń mu. Ẹ rántí kànìnkànìn tí a fi ń wẹ̀: bí ẹ bá fún un, omi á jáde, bí ẹ bá tú u sílẹ̀, á tún fa omi mu. Ohun tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe fún eegun rírọ̀ náà nìyẹn. Orúnkún tí a bá jókòó tì, ebi ni ń pa á, iṣan itan á sì rọ, ẹrù tó yẹ kí iṣan máa gbé á wá já lé oríkèé lórí. N kò ní tàn yín o: èyí tó ti jẹ kò ní hù padà. Ṣùgbọ́n ìrora máa ń dín kù lára ẹni tó bá ń rìn déédéé. Bí ẹ bá tún lè dín ara kù díẹ̀, èrè rẹ̀ pọ̀: ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005 fi hàn pé kílò kan tó bá kúrò lára, bíi kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Pé ọ̀nà náà tẹ́jú dùn mọ́ mi. Sísọ̀ kalẹ̀ ló ń pa orúnkún lára ju gígùn lọ. Ẹ̀yin náà á ti rí i lórí àtẹ̀gùn ilé. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ le ni kó lọ máa wo Eredo Sùngbọ́, yàrà àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó nǹkan bí kìlómítà 160, tí ògiri rẹ̀ ga tó mítà 20 níbòmíràn. Mo gun ibẹ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Ìgbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé mo ti ń dàgbà.

Síbẹ̀, ilẹ̀ tó tẹ́jú ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Òkè máa ń sọ fún èèyàn pé ó tó gẹ́ẹ́: èémí á gbé e, á dúró. Etí odò kì í sọ bẹ́ẹ̀. Ibòji wà, atẹ́gùn ń fẹ́, ẹyẹ ń ké, ẹ ó kàn máa lọ ni. Ìgbà tí orúnkún bá máa fi ké, ẹ ti jìnnà sílé, kò sì sí ọ̀kadà tí ẹ máa dá dúró nínú igbó. Àwọn tó ń gbé orúnkún wíwú wá bá mi lẹ́yìn irú ìrìn bẹ́ẹ̀, àbọ̀ ló ṣe wọ́n, kì í ṣe àlọ. Nítorí náà, aago ni kí ẹ máa tẹ̀ lé, ẹ má tẹ̀ lé bí ara ṣe yá tó. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, márùn-ún bọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Bí ara yín bá tilẹ̀ ń ta kìtì ní ìṣẹ́jú karùn-ún, ẹ yí padà. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e, ẹ fi ìṣẹ́jú kan kún àlọ, kan kún àbọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá, ẹ ó ti máa rin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ìyẹn 150 lọ́sẹ̀, iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má dín sí.

Ní ti bí ìrìn yín ṣe máa yá tó, kí ẹ lè máa bá ẹnìkejì yín sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kí orin má ṣeé kọ. Bí orúnkún bá ro yín díẹ̀ lẹ́nu ìrìn, kò burú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ẹ wò: bí ó bá ti padà sí bó ṣe máa ń rí, ẹ máa bá a lọ, bí ó bá wú tàbí tó ro ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ padà sí iye ìṣẹ́jú ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ohun kan wà tí ọ̀nà etí odò ní tí ojú títì kò ní: ẹrẹ̀. Níbi tí ilẹ̀ bá ti rọ̀ díẹ̀, ẹ rìn kọjá, kí ẹ wá bojú wẹ̀yìn wo ojú ẹsẹ̀ yín. Ẹni tí orúnkún ọ̀tún ń ro kì í fẹ́ dúró pẹ́ lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì á wá máa sáré balẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ìgbésẹ̀ òsì kúrú ju ti ọ̀tún lọ, ẹ ń tiro nìyẹn, bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ sọ fún yín. Ẹ mú ọ̀pá. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ fi mú un, kì í ṣe ọ̀tún. Ìhà kejì ibi tó ń dùn ni ọ̀pá ti ń ṣiṣẹ́, kó máa bá ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá wọ bàtà, tí ẹ dúró ṣánṣán, tí ẹ jẹ́ kí apá wálẹ̀, orí ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ ṣe déédéé ọrùn ọwọ́ yín. Kí rọ́bà wà nídìí rẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ odò fúnra rẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo àwọn igi kéékèèké tó wà létí ọ̀nà. Bí ẹ bá rí nylon píọ̀ wọ́tà àti koríko gbígbẹ tó so kọ́ ẹ̀ka ní déédéé ìbàdí yín, ibẹ̀ ni omi dé nígbà tó kún. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, ẹ má fi ojú kékeré wo àmì yẹn. Òjò tó rọ̀ lókè odò lóru lè mú kí ìsàlẹ̀ kún láàárọ̀, bí iwájú ilé yín bá tilẹ̀ gbẹ táútáú. Ọjọ́ tí òjò bá rọ̀, pápá ilé ìwé ni kí ẹ ti rìn. Ewé tútù ń yọ̀ ju ẹrẹ̀ lọ. Gbòǹgbò igi ńkọ́? Ẹ dá a kọjá, ẹ má tẹ orí rẹ̀.

Ẹ má ki ẹsẹ̀ bọ omi láti fi tù wọ́n lára, bó ti wù kó mọ́ lójú tó. Kòkòrò tí ń mú kéèyàn máa tọ ẹ̀jẹ̀ ń gba awọ ara wọlé láti inú irú omi bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ odò tó ń sáré lórí àpáta, amúkúrú lè wà níbẹ̀, ọ̀sán ló ń jẹni, ẹsẹ̀ ló sì fẹ́ràn; ṣòkòtò gígùn tàbí ìró tó balẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ló kápá rẹ̀. Ẹ̀fọn ibà, alẹ́ ni tirẹ̀, nítorí náà ẹ ti máa wà nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ti ejò, ẹ máa fi ọ̀pá kan ilẹ̀ níwájú yín, ó sábà máa ń sá lọ ni. Bí ó bá buni jẹ, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fi okùn dì í, ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kúrò, kí ẹ má lo ẹsẹ̀ náà mọ́, kí wọ́n gbé yín lọ sí ọsibítù kíákíá. Ẹ má dá nìkan lọ, ẹ mú fóònù dání.

Sálúbàtà kò ṣeé fi rìn níbẹ̀. Bàtà tó di gìgísẹ̀ mú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní eyín, ni kí ẹ wọ̀. Bí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò nígbà tí ẹ bá dé.

Bí orúnkún bá wú, tó gbóná, tí ibà sì dà á pọ̀, tàbí tó há tí kò ṣeé nà, ẹ dá ìrìn dúró, ẹ lọ rí dókítà. Bákan náà ni bí àyà bá ń fún yín lójú ọ̀nà.

Ní ti Ojúde Ọba, ìdúró ibẹ̀ le ju ìrìn rẹ̀ lọ, nítorí èèyàn máa ń dúró pẹ́ kó tó kan ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti òní lọ, ẹ máa dìde lórí àga láì fọwọ́ tì í, kí ẹ tún rọra jókòó padà, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nírọ̀lẹ́. Bí mẹ́wàá bá pọ̀ jù, ẹ fi márùn-ún bẹ̀rẹ̀. Bàtà aṣọ ẹgbẹ́ tí ẹ bá rà, bí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá ga, ẹ bẹ ìyá ẹgbẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ wọ pẹlẹbẹ. Bó bá kọ̀, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní bẹ́ẹ̀.