Àkísà àgbà: ṣé ẹ̀gàn ni àbí ìyìn?

Arákùnrin kan tó ń gbé ní Kubwa, l'Ábújá níbí, bi mí ní ìbéèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń jiyàn lórí bésíbọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà: láàárín Pete Rose àti Ted Williams, ta ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù? Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Rose ni, ó wá fi òwe kádìí ẹ̀: "Bí ọmọdé bá láṣọ tó ti àgbà, kò lè ní àkísà tó ti àgbà." Arákùnrin yìí fẹ́ mọ̀ bóyá òwe náà bọ́ sí i, àti ohun tó dé tí a fi ń fi àkísà yin èèyàn.

Àkísà tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ báyìí kò ju èyí tí àwọn mẹkáníìkì ní Àpò fi ń nu ọwọ́ lọ. Mo wà níbẹ̀ ní Sátidé. Mẹkáníìkì mi ní kí ọmọṣẹ́ òun mú àkísà wá, ọmọ náà sì fa apá bùbá àǹkárá kan yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ etí rẹ̀ ṣì hàn lábẹ́ ọ́ìlì dúdú. Ẹnì kan ti wọ aṣọ yẹn lọ òde rí.

Ibẹ̀ gan-an ni òwe náà ń lọ. Bí bàbá ọmọ bá lówó, ó lè kó aṣọ tó kún àpótí fún un ní ọjà Wúsè lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àkísà kò ṣe é rà bẹ́ẹ̀. Àfi kéèyàn wọ̀ ọ́, kó fọ̀ ọ́, kó sá a, kó tún wọ̀ ọ́ títí yóò fi gbó. Ọjọ́ orí ni òwe yìí ń kà. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ìlàjì àkọ́kọ́: òwe náà ti gbà pé aṣọ ọmọdé lè tó ti àgbà. Kò sì sọ níbì kankan pé ti àgbà ló dára jù.

Ó dáa, Rose ńkọ́? Ọdún 24 ló fi gbá a, láti 1963 dé 1986, ó sì gbá 4,256 tó gbé e dé béèsì, ìyẹn ibùdó tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù máa ń sáré lọ bá. Kò sẹ́ni tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú líìgì ńlá wọn. Àkísà kún ilé! 2,654 ni ti Williams, ogun sì gba nǹkan bí ọdún márùn-ún lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n "ta ló mọ̀ ọ́n gbá jù" ni wọ́n ń bi ara wọn, ìyẹn sì ń béèrè irú aṣọ. Nínú 100 ìgbà tí Williams bá dúró láti gbá, bí 48 ló ń dé béèsì. Ti Rose kò pé 38.

Àwọn oníṣirò wọn tún ní òǹkà kan tí wọ́n ń pè ní OPS+. Wọ́n á pa bí èèyàn ṣe ń dé béèsì pọ̀ mọ́ bí gbígbá rẹ̀ ṣe lágbára tó, wọ́n á fi wé ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà, wọ́n á sì yọ èrè tí pápá bá fún un kúrò. Ní Denver, tó ga tó mítà 1,600, atẹ́gùn fẹ́lẹ́, bọ́ọ̀lù sì ń fò jìnnà. Ẹni tó bá ń gbá a ní Jos kò gbọdọ̀ fi iye tirẹ̀ halẹ̀ mọ́ ẹni tó ń gbá a ní Makurdi. Ẹni àárín ni 100. Williams ní 191, Rose ní 118. Ní tèmi, àríyànjiyàn parí síbẹ̀.

Ká ní Hank Aaron, agbábésíbọ́ọ̀lù mìíràn, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ dárúkọ ni, ǹ bá panu mọ́. Aaron kò gbá home run (èyí tí bọ́ọ̀lù sábà máa ń fò kọjá ọgbà pápá) 50 lọ́dún kan rí, 47 ló pọ̀ jù. Àwọn ọmọdé ti láṣọ jù ú lọ dáadáa. Àmọ́ nígbà tó fi máa fi ọdún 23 parí, ó ti di 755. Barry Bonds nìkan ló kọjá rẹ̀, 762, ọdún 22 ni òun náà sì lò. Bí a bá yọ gbogbo 755 yẹn dànù, 3,016 ìgbà mìíràn ló ṣì gbá a dé béèsì. OPS+ rẹ̀ sì jẹ́ 155: àkísà pọ̀, ojúlówó aṣọ ni gbogbo wọn nígbà kan.

Ohun kan tó kù ni pé ọ̀rẹ́ tó pa òwe náà ló kéré lọ́jọ́ orí, kò sì ṣe "tótó ṣe bí òwe o". Ká ní ó ṣe é ni, arákùnrin wa ì bá ní "wàá rí òmíràn pa", kí wọ́n tó máa bá ìjà wọn lọ.