Àwọn ìbátan ọkọ mi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Cebu ní Philippines ni ọkọ mi ti wá, California là ń gbé. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà máa ń sín Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ. Níbi iṣẹ́, ará Ṣáínà ni wọ́n ń pè é. Kò lọ sóde àwọn ará ilé wọn mọ́. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Mo máa ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí lẹ́nu àwọn ìdílé tí mò ń gbà nímọ̀ràn, ó sì ń dùn mí gan-an, torí yẹ̀yẹ́ ará ilé a máa wọni lára ju ti ará ìta lọ.

Ó ní ibi tó ti ṣẹ̀. Amẹ́ríkà ṣàkóso Philippines láti 1898 títí di 1946. Àwọn ará Philippines tó kọ́kọ́ wá ṣiṣẹ́ oko ní California rí màbo: ní oṣù kìíní 1930, àwọn òyìnbó dìde sí wọn ní Watsonville, wọ́n sì yìnbọn pa ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Fermin Tobera. Ní 1934, òfin ní kí iye ará Philippines tó ń wọ Amẹ́ríkà má ju 50 lọ lọ́dún. Òfin 1965 ló tún ṣílẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọlé lẹ́yìn náà sì fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan tọ́ ọmọ, kí wọ́n má baà fi ọmọ ṣẹ̀sín níléèwé. Ìtìjú táwọn òbí sá fún yẹn làwọn ọmọ wọn wá ń dà lé ọkọ yín lórí. Mi ò ní kó gbà á bẹ́ẹ̀ o. Kó pe èyí tó dàgbà jù nínú wọn sí kọ̀rọ̀, kó sọ fún un pé ó ń dun òun.

Ní ti ibi iṣẹ́, kó máa kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sílẹ̀, kó sì kó o lọ bá ẹ̀ka tó ń bójú tó òṣìṣẹ́. Òfin àpapọ̀ ti 1964 kò fàyè gba kí wọ́n fi orírun ẹnikẹ́ni yà á sọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ìpàdé ńlá àwọn ará Philippines lè má bá a lára mu, torí èdè Tagalog ló sábà máa ń ròkè níbẹ̀, Cebuano sì lèdè àwọn ará Cebu. Ẹ wá àwọn ọmọ Cebu. Ní ọjọ́ Àìkú kẹta oṣù kìíní ni wọ́n ń ṣe Sinulog, ọdún Santo Niño, ìyẹn Jésù nígbà tó wà lọ́mọdé. Ẹ mú àwọn ìbejì dání. Ẹ kọ́ wọn pé bí wọ́n bá rí àgbà, kí wọ́n tẹrí ba, kí wọ́n gbé ọwọ́ àgbà náà kan iwájú orí wọn. Ẹ̀yin tí wọ́n fi ìkúnlẹ̀ tọ́ dàgbà, kò ní ṣòro fún yín láti kọ́ wọn. Bó bá rẹ ọkọ yín níbẹ̀, ẹ tètè máa lọ sílé, ẹ má fi dandan mú un dúró.