Stratocaster Ni Mo Ti Ń Lò: Ṣé Kí N Dán Les Paul Wò?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti ń lu gìtá nílùú Ìbàdàn, mo sì máa ń bá ẹgbẹ́ jùjú kan jáde lópin ọ̀sẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ gìtá lù, Stratocaster ti Fender nìkan ni ọwọ́ mi mọ̀. Ní báyìí, ẹnì kan fẹ́ ta Epiphone Les Paul tòkunbọ̀ fún mi, ohùn rẹ̀ sì wù mí gan-an. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọwọ́ mi á máa ṣì lórí rẹ̀, kí owó mi wá wọgbó. Ṣé kí n rà á? Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, dán an wò. Ṣùgbọ́n má tíì gbé Stratocaster rẹ tà. Iṣẹ́ jùjú tí o mẹ́nu bà yẹn ló fà á, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọwọ́ kúrò lọ́nà, torí òun ló ń dẹ́rù bà ọ́ jù. Láti ibi nut, ìyẹn egungun kékeré tó gbé okùn lókè ọrùn gìtá, títí dé bridge, ìyẹn irin tó gbé okùn lára pátákó nísàlẹ̀, okùn Stratocaster gùn tó íǹṣì 25.5. Ti Les Paul kò ju nǹkan bí íǹṣì 24.75 lọ. Bí o bá wá wo ààyè tó wà níbi fret àkọ́kọ́, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, bíi mìlímítà kan péré ni ìyàtọ̀ wọn. Ìka rẹ á tètè mọ̀ ọ́n. Ohun tí ara rẹ á kọ́kọ́ fura sí ni pé okùn dẹ̀. Fi okùn 10 sí 46 (bí okùn ṣe nípọn sí ni nọ́ńbà yẹn) kan náà sórí gìtá méjèèjì, kí o yí wọn sí ohùn kan náà, ti Les Paul á fi bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún dẹ̀ ju ti Stratocaster lọ. Okùn á rọrùn láti tẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo á máa tẹ ohùn kọjá ibi tó yẹ, kọ́ọ̀dù á wá máa dún bíi pé gìtá náà kò bára mu. Bó bá ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀, fi okùn 11 sí i, kí o sì ní kí ẹni tó mọṣẹ́ tún ọrùn àti bridge rẹ̀ ṣe, torí okùn tó nípọn máa ń fa ọrùn síwájú.

Ọwọ́ ọ̀tún ló máa pẹ́ díẹ̀. Bridge Les Paul ga kúrò lára pátákó, ibi tí o ń gbé atẹ́lẹwọ́ lé kò ní rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Lórí Stratocaster, ìka kékeré lásán ni wàá fi yí volume nígbà tí àdúrà bá bẹ̀rẹ̀. Lórí Les Paul, bọ́tìnì mẹ́rin ló wà, volume méjì àti tone méjì, wọ́n sì jìnnà sí okùn. Ìyẹn gba sùúrù.

Ohùn gan-an ni kókó. Pickup, ìyẹn ohun tó ń gbé ohùn okùn lọ sínú amplifier, mẹ́ta tó ní wáyà wíwé ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni Stratocaster gbé jáde lọ́dún 1954. Les Paul ti jáde ní 1952, ṣùgbọ́n nígbà tó di 1957 ni wọ́n fi humbucker, irú pickup kan tí Seth Lover ṣe fún Gibson, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Les Paul, sí i. Wáyà wíwé méjì ló wà nínú humbucker, wọ́n sì so wọ́n pọ̀ lọ́nà tí ariwo iná tó bá wọ ọ̀kan á fi pa ti èkejì rẹ́. O mọ hùùù tó máa ń jáde nínú amplifier nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tí wọn kò sì fa wáyà áàtì dáadáa? Les Paul á gbà ọ́ lọ́wọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí gbogbo ilé bá pa lọ́lọ́, wàá mọyì rẹ̀. Humbucker lágbára ju pickup tó o mọ̀ lọ, nítorí náà, dín gain, ìyẹn agbára ohùn tó ń wọlé, kù níbi mixer kí ohùn má baà máa fọ́.

Jùjú wá ńkọ́? Bí o bá gbé switch Stratocaster sí ipò kejì tàbí ìkẹrin, pickup àárín á dún pọ̀ mọ́ ọ̀kan nínú àwọn tó kù. Ohùn yẹn tínrín, ó mọ́, ó sì ń gba àárín gángan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kọjá láìjẹ́ pé o pariwo. Les Paul tó wọ́pọ̀ kò ní pickup àárín. Kò sí bọ́tìnì tí wàá yí tí ohùn yẹn á fi jáde. Ohùn tirẹ̀ nípọn, ó kún, ibi tí kíbọ́ọ̀dù àti ohùn akọrin wà ni òun náà máa ń jókòó sí. Ó dùn fún lead, ìyẹn gìtá tó ń dá orin lù síwájú, ó dùn fún orin ìjọsìn tó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n gìtá tó ń tún gbólóhùn kúkúrú kan sọ láti alẹ́ mọ́jú á rì sínú ìlù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o má ta ti àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo lagbára rẹ gbé, Yamaha Pacifica 112V ni mo máa ní kí o wò dípò Les Paul: okùn rẹ̀ gùn tó íǹṣì 25.5 bíi ti Stratocaster, ó ní pickup méjì tó ní wáyà wíwé ẹyọ kọ̀ọ̀kan, humbucker sì wà níbi bridge.

Ní ti ríra: Epiphone kì í ṣe ayédèrú Gibson. Ọdún 1957 ni Gibson ra ilé iṣẹ́ náà. Yí gìtá náà dojú bolẹ̀, kí o fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn orí rẹ̀, níbi tó ti pàdé ọrùn. Orí Les Paul tẹ̀ sẹ́yìn, ibẹ̀ ló sì máa ń kán sí bó bá ṣubú. Bí o bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ọ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ rí nìyẹn, iye owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ gan-an. Lẹ́yìn náà, ṣí ìdérí kékeré tó wà ní orí gìtá, kí o wò ó bóyá truss rod, irin inú ọrùn, ṣì ń yí. Ọrùn gìtá máa ń yí padà láàárín ọyẹ́ àti ìgbà òjò, kò sì sí àtúnṣe tó rọrùn fún irin tó ti dì pa. Tẹ gbogbo fret lórí okùn kọ̀ọ̀kan. Fi tuner, ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn okùn, wo ohùn fret 12: fọwọ́ kan okùn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níbẹ̀, kí o tún wá tẹ̀ ẹ́. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, screwdriver sábà máa ń yanjú ẹ̀ níbi bridge, àyàfi bí irin bridge bá ti rìn dé òpin rẹ̀.

Gbé e kọ́ èjìká fún bíi wákàtí kan. Les Paul sábà máa ń wọn tó bíi kìlógíráàmù mẹ́rin, òde àríyá kì í sì í tètè parí. Ra okùn èjìká tó fẹ̀.

Má fi amplifier oníṣọ́ọ̀bù dá ọkàn rẹ rú. Tìrẹ ni kí o fi gbọ́ ọ, pẹ̀lú ẹgbẹ́ tìrẹ, níbi ìdánrawò. Bí ẹni tó ni ín kò bá fẹ́ kó kúrò lójú òun, ní kó tẹ̀ lé ọ lọ.