Fáànù Sólà Tó Gbọ̀n Lẹ́ẹ̀kan Tó sì Dúró: Ṣé Mọ́tò Ló Jó?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. Télọ̀ ni mí ní ojú ọ̀nà Oyèmẹ́kùn, níbí l'Ákùrẹ́. Fáànù àjà onífóòtì 12 tí mo ń fi sólà lò ní ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ lẹ́yìn òjò kan tó sán àrá púpọ̀. Rẹ́wáyà tí mo pè tú u, ó bá wáyà mẹ́ta lára mọ́tò rẹ̀, ó fi bátìrì kan méjì nínú wọn, fáànù náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó sì dúró gbagidi. Ó ní mọ́tò ti jó, pé kí n lọ ra fáànù tó ń lo iná ìjọba. Ṣé òótọ́ ni? Kí sì ni wáyà mẹ́ta ń wá lára ohun tó ń lo bátìrì olórí méjì?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú òwò o, mà. Ẹ má tíì ra fáànù mìíràn, nítorí pé ohun tí fáànù yín ṣe nígbà tí wọ́n fi bátìrì kàn án, ohun tí mọ́tò irú rẹ̀ tí kò ní àrùn kankan máa ń ṣe gan-an nìyẹn.

Mọ́tò tí ọ̀pọ̀ rẹ́wáyà mọ̀ dunjú, irú èyí tó ń yí wápà ọkọ̀, ní kábọ̀n méjì nínú. Wáyà tí wọ́n wé ló ń yí, òòfà dúró sójú kan, kábọ̀n sì ń fara ra ìdí wáyà náà, tí ó ń pààrọ̀ ọ̀nà tí iná ń gbà wọlé bó ṣe ń yí. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá ti fi bátìrì kàn án, kò ní béèrè nǹkan mìíràn kó tó yí. Àmọ́ kábọ̀n ń jẹ, ó ń tan iná wẹ́wẹ́, ó sì ń pariwo.

Mọ́tò tiyín kò ní kábọ̀n rárá. Nínú rẹ̀, òòfà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ agolo ìta tó gbé abẹ̀bẹ̀ dání, òun ló sì ń yí. Wáyà tí wọ́n wé dúró sí àárín, wọ́n pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, orí kọ̀ọ̀kan sì yọ síta. Ibi tí wáyà mẹ́ta yẹn ti wá nìyẹn. Bátìrì kì í bá wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Bọ́ọ̀dù kékeré kan ló wà láàárín wọn, èyí tó ń gba iná bátìrì, tó sì ń fi ránṣẹ́ sí méjì nínú wáyà mẹ́ta náà lẹ́ẹ̀kan, tí yóò tún yára gbé e sí méjì mìíràn, ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ́nà bẹ́ẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ látorí èkíní. Òòfà ń sáré tẹ̀ lé iná bí ewúrẹ́ tí ń tẹ̀ lé ewé lọ́wọ́ ẹni tó ń rìn níwájú rẹ̀. Nígbà tí rẹ́wáyà yín fi bátìrì kan wáyà méjì, ẹni tó mú ewé dání ló dúró: òòfà fò débẹ̀, ó bá a, kò sì ní ìdí láti lọ síwájú mọ́. Ẹ má jẹ́ kó tún un ṣe, nítorí pé iná tó ń wọ mọ́tò tí kò yí máa ń pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì lè jó wáyà náà lóòótọ́.

Báwo ni bọ́ọ̀dù ṣe ń mọ ibi tí òòfà dé? Lára mọ́tò ọ̀kadà oníbátìrì, sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta ló sábà máa ń sọ fún un, ìdí sì nìyẹn tí ẹ fi ń rí wáyà tínínrín márùn-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́ta tó nípọn. Ní ti fáànù àjà olówáyà mẹ́ta, bọ́ọ̀dù ń wo iná díẹ̀ tí òòfà ń dá sílẹ̀ nínú wáyà kẹta tí kò fún ní iná lọ́wọ́. Bí fáànù kò bá tíì yí, kò sí ohun tí yóò wò. Nítorí náà ló ṣe máa ń mì síwá sẹ́yìn díẹ̀ kó tó gbéra.

Ẹ jẹ́ kí rẹ́wáyà yọ wáyà mẹ́ta náà kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí ó sàmì sí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, kí ó sì fi ọwọ́ yí fáànù. Ó yẹ kí ó yí fàlàlà. Lẹ́yìn náà kí ó so méjì nínú wáyà náà pọ̀, kí ó tún un yí: yóò le lọ́wọ́ díẹ̀. Kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún méjì-méjì tó kù. Bí líle wọn bá dọ́gba, tí mítà sì fi hàn pé wáyà kankan kò kan ara irin mọ́tò náà, mọ́tò yín kò jó. Bí méjì kan kò bá le rárá, wáyà kan ti já nínú. Bí ó bá le nígbà tí ẹ kò tíì so nǹkan kan pọ̀, ó ṣeé ṣe kí wáyà ti jó mọ́ra wọn, tàbí kí bẹ́ríǹ ti gan.

Pẹ̀lú àrá tí ẹ mẹ́nu bà, bọ́ọ̀dù ni mo fura sí jù, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí i pé fíúsì kò já àti pé bátìrì ní iná. Ẹni tó ń tún tẹlifíṣọ̀n tàbí ínfátà ṣe ni kí ẹ gbé e lọ bá, kì í ṣe rẹ́wáyà ilé. Tíránsísítọ̀, ìyẹn ẹ̀yà kékeré orí bọ́ọ̀dù tó ń tan iná wáyà kọ̀ọ̀kan tó sì ń pa á, sábà máa ń ṣeé pààrọ̀ bó bá ti lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ra bọ́ọ̀dù tuntun, kí ó jẹ́ ti fóòtì 12, kí ó jẹ́ irú tí kò nílò sẹ́ńsọ̀, kí wáàtì rẹ̀ má sì kéré sí ti fáànù náà. Bí fáànù bá wá ń yí sẹ́yìn, ẹ pààrọ̀ méjì èyíkéyìí nínú wáyà mẹ́ta náà. Ẹ má ṣe yí ti bátìrì padà o, bọ́ọ̀dù lè kú lójú ẹsẹ̀.

Ní ti fáànù iná ìjọba, èmi kò gbà yín níyànjú. Fáànù àjà àtijọ́ ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 75, èyí tí kò ní kábọ̀n bíi tiyín sì sábà máa ń wà ní nǹkan bí 30. Bí bátìrì yín bá jẹ́ fóòtì 12, ampere-hour 100, tí ẹ kò sì lò ju ìdajì rẹ̀, ti wáàtì 30 yóò lo ogún wákàtí lórí rẹ̀, èkejì kò ní ju mẹ́jọ lọ, ẹ ó sì tún ra ínfátà tí yóò jẹ nínú iná náà. Bí mọ́tò bá tilẹ̀ ti jó, ẹ wá fáànù onífóòtì 12 mìíràn, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ohun tó ń gba àrá sójú wáyà tó ń ti orí òrùlé bọ̀.