Láísẹ́ǹsì mélòó ni a máa rà fún Windows Server tí òṣìṣẹ́ 12 ń fi kọ̀ǹpútà 5 lò?

Ẹ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yín n'Íjẹ̀bú-Òde ti ra server (kọ̀ǹpútà àárín tí àwọn yòókù ń wọlé sí), pé òṣìṣẹ́ 12 ló ń gbapò ara wọn nídìí kọ̀ǹpútà 5. CAL 5, ìyẹn àṣẹ láti wọlé sórí server, ti tó yín. Ẹ má jẹ́ kí ọlọ́jà kankan ta 12 fún yín.

Ọ̀nà méjì ni Microsoft fi ń ta CAL: wọ́n lè kà á lórí èèyàn tàbí lórí ẹ̀rọ. Ti ẹ̀rọ ló bá yín mu. Àmọ́ bí àwọn òṣìṣẹ́ bá tún ń fi fóònù tiwọn wọlé láti ilé, ìṣirò ti yí padà nìyẹn, ti èèyàn ló máa dínwó.

Server fúnra rẹ̀ ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti orí Windows Server 2016, core, ìyẹn ọpọlọ ìṣirò tó wà nínú server, ni wọ́n fi ń kà á: 16 ló kéré jù, bí tiyín ò tilẹ̀ ju 4 lọ. Ibẹ̀ ló máa ń dun èèyàn jù. CAL ẹ̀dà 2019 kò bá server ẹ̀dà 2022 lọ o, àmọ́ ti 2022 bá 2019 lọ.

Bí owó bá há, Debian, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹ lè fi rọ́pò Windows Server, kì í ka èèyàn, kì í ka ẹ̀rọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú lẹ máa wá.